Ohun Tí Wọn Ò Kọ Sára Díráìfù

Àpò ìpápánu kan ni wọ́n gbé sáàárín tábìlì, tí wọ́n jókòó yí ká bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ dájọ́ olè. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ Ilé Orin ìlú Meinong ni, àwọn mẹ́fà. Ẹni keje ni Ku Jui-lan, obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì kọ sí ògiri.

Alága Fu fi ìka ti àpò náà sí i. "Ka ẹ̀yìn rẹ̀."

"Alága, mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Mo ní kó o kà á! Jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́."

Jui-lan gbé àpò náà, ó ka ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ ìpápánu tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ ọ̀hún ti kọjá láti ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.

"Ẹ ti gbọ́," ni Alága wí. "Ọjọ́ karùn-ún tí àpò bàjẹ́ ni díráìfù àkọ́kọ́ kú. Kí la tún ń wá?"

Ní gbogbo erékùṣù tí Meinong wà, bóyá lẹ máa rí ẹ̀rọ pàtàkì kan tí àpò yìí ò sí lórí rẹ̀. Àwọn báńkì ní in, ilé ìwòsàn ní in, ọ́fíìsì tó ń darí ọkọ̀ ojú irin pàápàá ní in. Orúkọ ìpápánu náà gan-an ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó ṣe ọmọ dáadáa. Aláwọ̀ ewé ló gbọ́dọ̀ jẹ́, torí iná àwọ̀ ewé ni iná àlàáfíà lára ẹ̀rọ. Ẹni tó bá gbé aláwọ̀ ìyeyè tàbí pupa lé e, ẹjọ́ ara rẹ̀ ni kó rò. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá sì ti kọjá, agbára rẹ̀ ti tán nìyẹn. Jui-lan fúnra rẹ̀ kì í fi ṣeré. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti wà níbẹ̀, lọ́dún yìí nìkan ló gbàgbé. Ó gbàgbé lóòótọ́, kò sì purọ́ pé òun ò gbàgbé. Ohun tó ń bí i nínú ni pé wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Orin tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ló wà nínú ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní àpótí ìpamọ́, ní yàrá kejì. Orin àwọn Hakka, ẹ̀yà tó ń gbé Meinong, ni, èyí tí àwọn tó ń já ewé tíì àti àwọn tó ń sá tábà máa ń kọ síra wọn láti orí òkè kan sí òkè kejì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ ọ́ ti kú. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́kọ́ gbà á sí ti bá ìkún omi lọ lọ́dún ìjì ńlá. Inú àpótí yẹn nìkan ló kù sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Jui-lan kọ̀wé pé kí wọ́n ra àpótí kejì sí ìlú mìíràn, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ìgbìmọ̀ dáhùn pé ẹnu ọ̀nà tuntun ló kàn. Ẹnu ọ̀nà ọ̀hún ti wà níta báyìí, ó ga, ó ń dán, ẹyẹ agbe méjì ni wọ́n gbẹ́ sí i lórí. Agbe ò sì mọ orin kankan kọ.

Díráìfù mẹ́jọ, àwọn irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan pamọ́ sí, ló wà nínú àpótí náà. Ètò tó ń to fáìlì síbẹ̀ fọ́n orin káàkiri àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́nà tó jẹ́ pé bí méjì bá kú, mẹ́fà tó kù á lè rántí gbogbo rẹ̀. Bí ẹ̀kẹta bá kú, ó parí. Nígbà tí ọ̀kan kú, Jui-lan ò bẹ̀rù. Ó wo àkọlé rẹ̀, ó ra òmíràn tí orúkọ rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ bá a mu, ó tì í bọ ihò, àpótí sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ohun tó sọnù padà sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kan àtààbọ̀, àpótí tu díráìfù tuntun náà dànù: kò dáhùn mọ́, ó ti kú. Ó ra ìkejì. Bákan náà ló ṣe. Níbi tí àwọn méje tó kù ti ń sáré tọ̀sán tòru nítorí ìdàpadà yìí, ọ̀kan nínú wọn tún kú, ọ̀kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòjòjò. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí wọ́n fi pe ìpàdé, tí wọ́n sì gbé ìpápánu sórí tábìlì.

Alága fa ìwé kan yọ. Ó ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó tó wá sípàdé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àìbìkítà olùtọ́jú ẹ̀rọ ló ba ohun ìjogún ìlú jẹ́.

"Títí ọjọ́ Ajé," ló wí. "Bí orin bá padà, bí kò padà, wàá fọwọ́ sí i. Ìjọba ìbílẹ̀ ń bèèrè ẹni tó fà á."

Ìyá Liu Tsai-mei, ọmọ ìgbìmọ̀ tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ló ṣẹ́ kù láàyè nínú àwọn tí ohùn wọn wà nínú àpótí, ti ń tòògbé. Ó la ojú kan. "Fu, ìwọ tó o ra ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Ìwé tìẹ dà?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo kàn bèèrè ni o."

Jui-lan ò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, ó pa àpótí náà kú kí aláìsàn inú rẹ̀ lè sinmi. Ó di díráìfù tuntun méjèèjì sínú báàgì, pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn tó ti kú, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú Kaohsiung. Òpópónà Jianguo ló ń lọ, níbi tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ti fẹ̀yìn tira, sí ọ̀dọ̀ Pan Te-jung tó ti ń tajà fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Pan ń jẹ ìrẹsì àti ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ lẹ́yìn káńtà. Ó rí ojú rẹ̀, ó sì gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Jui-lan, ta ló kú?"

"Méjì ti kú, ẹ̀kẹta ń kú lọ. Ẹ̀gbọ́n Pan, irú ọjà wo lẹ tà fún mi?"

"Ọjà tó o bèèrè ni mo tà fún ọ."

"Mo bèèrè ẹni tó máa fẹ́ mi lójú, ẹ bá mi wá ẹni tó fi ata sẹ́nu!"

Pan ò bínú. Ó gba díráìfù náà, ó fi òkú ti àtijọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọ awò ojú rẹ̀. Orúkọ kan náà, àwọ̀ kan náà, nọ́ńbà kan náà, àfi lẹ́tà kan ṣoṣo ní ìparí tí ó yàtọ̀, tó sì kéré bí ẹyin èèrà.

"O rí lẹ́tà yìí?"

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Wọn ò sọ. Èmi náà ò mọ̀, àfi ìgbà tí oníbàárà kẹrin dá a padà." Ó mi orí. "Wọ́n ti yí bó ṣe ń kọ̀wé padà nínú. Jókòó."

Ó kó káàdì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí mẹ́wàá, ó kọ́kọ́ tò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí káńtà, àyè díẹ̀ láàárín wọn. "Ti àtijọ́ nìyí. Ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró. O fẹ́ pa ọ̀kan rẹ́ kó o tún un kọ? Ìyẹn nìkan lo máa fọwọ́ kàn." Ó kó wọn jọ, ó tún wọn tò, ó wá jẹ́ kí etí ọ̀kan gun orí ìkejì títí dé òpin. "Tuntun nìyí. Àwọn ìlà ń gun ara wọn kí púpọ̀ lè gba ojú ibi kékeré. Wá fa ìkẹta yọ kó o tún un kọ."

Jui-lan na ọwọ́ sí káàdì kẹta. Gbogbo èyí tó gùn ún lórí sì yẹ̀.

Ó wò wọ́n pẹ́. Òrùlé ni bàbá rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ jẹ nígbà ayé rẹ̀. Òun ló ń fi awẹ́ amọ̀ sísun bo àwọn ilé àtijọ́ Meinong. Awẹ́ kan á gun orí èkejì, láti etí ilé dé góńgó. Gbogbo ọmọ ilé wọn ló mọ̀ pé bí awẹ́ kan bá fọ́ láàárín, ìwọ á ká gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀ kó o tó dé ibẹ̀, o sì máa tò wọ́n padà.

"Òrùlé ni," ló wí.

"Òrùlé gan-an. Ó ní àyè kékeré kan tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí ná, ó ń dúró kó o sinmi kó lè tún òrùlé tò. Bó o bá ń tú fídíò ọjọ́ ìbí ọmọ sínú rẹ̀, o ò ní mọ̀ láyé. Ṣùgbọ́n ètò tìẹ yẹn..."

Jui-lan ti mọ ìyókù. Ètò tí òun fúnra rẹ̀ yàn láti máa to fáìlì ni ètò tí kì í gba ìgbàkugbà: ó ń yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ wò, kì í kọ tuntun lé àtijọ́ lórí, ibi tó bá ṣófo ló ń fò sí, iwájú, ẹ̀yìn, àárín. Àwọn tó kọ ètò náà gbà pé ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí díráìfù. Wọ́n sì kọ òfin sínú rẹ̀ pé díráìfù tí a bá pè tí kò jẹ́ láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ti kú. Ètò náà lé díráìfù tuntun fún ọjọ́ kan àtààbọ̀ láìsinmi, ó ń ní kó máa fọ awẹ́ láàárín òrùlé. Nígbà tí díráìfù wá dákẹ́ tó ń tún òrùlé tò, ètò sọ pé òkú ni. Kò kú! Iṣẹ́ tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé fún un, torí àwọn tó ṣe é fi ohun tó jẹ́ pamọ́. Inú páálí tí wọ́n sì kọ "ó dára fún àpótí ìpamọ́" sí lára ni wọ́n dì í sí.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ hó. "Ẹ fún mi ní nọ́ńbà wọn."

Pan tẹ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà, ó gbé fóònù sórí káńtà kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. Lẹ́yìn orin gígùn kan, ohùn obìnrin dídùn kan jáde, ó ní Shih lòun ń jẹ́, kí lòun lè ṣe fún wọn.

"Díráìfù yín tó wà lọ́wọ́ mi," ni Jui-lan wí, "ṣé ìlà rẹ̀ ń gun ara wọn, àbí wọn ò gun ara wọn?"

"Ẹ ṣeun tí ẹ yan ọjà wa, mà. Díráìfù yìí wà fún ilé àti ọ́fíìsì kékeré."

"Mo ti gbọ́. Ṣé wọ́n ń gun ara wọn?"

"Bí díráìfù ṣe ń kọ̀wé nínú, ọ̀rọ̀ inú ilé iṣẹ́ wa ni, mà. Ìrírí oníbàárà ló jẹ wá lógún."

"Ìrírí mi nìyí: orin àwọn òkú wà lọ́wọ́ mi, ọjà yín sì fẹ́ pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ inú ilé yín ti dé inú ilé tèmi, Arábìnrin Shih!"

"Mo gbọ́ yín, mà. Ó ṣeé ṣe kí ètò tí ẹ ń lò má bá ọjà wa mu."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tó bá a mu bí ẹ ò bá sọ ohun tó jẹ́?"

Ohùn náà ṣì dùn. "Ǹjẹ́ nǹkan mìíràn wà tí mo lè ràn yín lọ́wọ́ lé lórí lónìí?"

Pan tètè pa fóònù kí Jui-lan tó sọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ ọlọ́mọ ni. Ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ló ń kà."

"Ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í gbé fóònù."

Jui-lan jókòó pẹ̀lú ìbínú rẹ̀. Ó bèèrè díráìfù irú ti àtijọ́. Pan ní kò sí ní gbogbo òpópónà, ó di ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó dé. Aláìsàn inú àpótí ò lè dúró de ọjọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ Ajé náà ò sì ní dúró. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ó ń wo káàdì tó gun ara wọn lórí káńtà, ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ máa ń fi yangàn sì sọ sí i lọ́kàn: *Láti etí dé góńgó, mo lè bo ilé kan lóòjọ́. Ẹ má sáà ti ní kí n wá lẹ àárín.*

Ó dìde dúró. "Ẹ̀gbọ́n Pan, àwọn tí oníbàárà dá padà, mélòó ló wà?"

"Mẹ́rin. Wọ́n kàn ń gba àyè mi ni. Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Mo fẹ́ bo ilé."

Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pan kọ̀, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀. Kò ní kí àpótí da ohunkóhun padà mọ́. Ó yọ díráìfù tó ń ṣòjòjò, ó so ó mọ́ ọ̀kan nínú àwọn tuntun, ó ní kí ẹ̀rọ kọ gbogbo ohun tó wà lórí aláìsàn sórí tuntun náà, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn, láìfò, láìpadà sẹ́yìn. Etí dé góńgó. Díráìfù tí wọ́n ti pè ní òkú ń sáré bí ẹṣin. Kò dúró lẹ́ẹ̀kan. Ibi mélòó kan wà lórí aláìsàn tí kò ṣeé kà mọ́. Ẹ̀rọ fi àyè wọn sílẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ti parí. Jui-lan ti ẹ̀dà náà bọ ihò aláìsàn, ó ṣí àpótí fún kíkà nìkan, kò jẹ́ kó kọ ohunkóhun. Ó wá ń kó orin jáde lẹ́sẹẹsẹ sórí àwọn díráìfù tí Pan fún un, ní ìlọ́po méjì, jálẹ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Ọjọ́ Àìkú. Níbi tó jókòó sí tó ń wò ó, inú rẹ̀ ń dùn, inú rẹ̀ sì ń bàjẹ́. Ọjà náà kì í ṣe ọjà burúkú. Ká ní wọ́n sọ ohun tó jẹ́ ni, iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni òun ì bá ti fún un láti ọjọ́ kìíní, kò sì sí díráìfù kankan tí ì bá sáré kú.

Gbogbo orin padà lódindi, àfi ọ̀kan.

Ní ọjọ́ Ajé, Alága Fu dé ìpàdé tẹ̀rín tẹ̀yẹ. Àpò ìpápánu tuntun ló gbé sórí tábìlì, aláwọ̀ ewé, ọjọ́ rẹ̀ ṣì jìnnà.

"Ẹ rí i? Ọjọ́bọ̀ ni mo fọwọ́ ara mi gbé irú èyí lé àpótí lórí. Ọjọ́ Àìkú, orin ti padà! Ẹ̀rí wo ló tún kù?"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Jui-lan tẹ ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀, ohùn obìnrin kan sì jáde, ohùn gíga, tó mọ́, tó ń pe ẹnì kan láti orí òkè ní àkókò tábà. Ìyá Tsai-mei jókòó gbagidi. Tsai-feng ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti kú láti ọdún mọ́kàndínlógún. Orin náà dé ibi tí obìnrin náà ti fẹ́ sọ orúkọ ẹni tó ń pè. Ó já. Kò sí nǹkan mọ́.

"Jẹ́ kó máa lọ," ni Ìyá Tsai-mei wí.

"Ìyá, ibi tó mọ nìyẹn."

"Èmi ló ń pè. Orúkọ mi ló kàn."

"Mo mọ̀, Ìyá. Kò sí mọ́."

Alága Fu wú ikọ́, ó ti ìwé náà sí iwájú Jui-lan, ó fi gègé lé e. "Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i."

Jui-lan ò mú gègé. Àpò ìpápánu ló mú.

"Alága, lọ́jọ́rú ẹ ní kí n ka ẹ̀yìn àpò. Ọjọ́ nìkan ni mo kà. Ẹ jẹ́ kí n ka ìyókù." Ó yí i padà, ó sì gbé ohùn sókè. "Ìyẹ̀fun àgbàdo. Ṣúgà. Epo ọ̀pẹ. Àgbọn. Wàrà. Iyọ̀. Ẹni tí wàrà kì í bá lára mu, kó ṣọ́ra. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é rèé, àdúgbò tó wà rèé, nọ́ńbà tí ẹ lè pè rèé. Ọjọ́ tó máa bàjẹ́ rèé. Ìpápánu lásán! Ohun tí ọmọdé ń jẹ tó ń dà sílẹ̀! Mo gbàgbé láti kà á, ẹjọ́ mi ni, mo gbà." Ó fa díráìfù yọ nínú báàgì, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò, ó dún gbì lórí tábìlì. "Ó wá ku èyí. Ìlà inú rẹ̀ ń gun ara wọn bí awẹ́ òrùlé, ìyẹn ló kó bá àpótí wa. Alága, ẹ bá mi ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi ibi tí ǹ bá ti kà á hàn mí."

Alága Fu wo díráìfù náà. Ó gbé e, ó yí i, ó tún un yí. Ó gbé e fún ẹni tó jókòó tì í. Ó lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ yí tábìlì ká, oníkálùkù ń sún un mọ́ ojú. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Tsai-mei, ìyá wọ awò rẹ̀, ó fi ìka tọ gbogbo lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wá orúkọ ara rẹ̀.

"Kò sí níbí," ló wí.

Ó fa ìwé Alága mọ́ra, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun lè wà lókè. Ó mú gègé, ó nà án sí Jui-lan.

"Ohun tí wọn ò kọ, ìwọ wá kọ ọ́. Kọ orúkọ ilé iṣẹ́ wọn sí òkè. Kọ orúkọ Tsai-feng tẹ̀ lé e." Ó yíjú sí Alága. "Tó o bá ti kọ ọ́ tán, Fu ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i."